Ẹgbẹ̀rún Márùn-ún Dín Ẹyọ Kan

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí Ọ̀gá ná, kó má lọ bínú sí wa kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Àtikí i náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ní gbogbo àárọ̀, bí mọ́tò rẹ̀ bá ti dúró níwájú ilé-iṣẹ́ omi, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ á ké pé, "Ọ̀gá wa tó bẹ́ẹ̀!" Àwọn yòókù á dáhùn pé, "Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Bí ohùn wọn kò bá ròkè tó, Ọ̀gá á padà sínú mọ́tò, á pa ilẹ̀kùn dé, á jókòó díẹ̀, á sì tún sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n lè rí àyè tún un ṣe. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Jùbẹ́ẹ̀lọ. Kì í ṣe lójú rẹ̀ o. Ta ni ikú ń pa?

Ẹ̀yìn pátápátá ni Bàbá Rọ́bà máa ń dúró sí níbi ìkíni yìí, á máa la ẹnu, á máa pa á dé, ohùn kankan kò ní jáde. Iṣẹ́ páìpù ló ń ṣe, ó sì jẹ́ olórí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ mẹ́fà tó pín àwọn òpópónà ìlú láàárín ara wọn. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara rọ́bà tó máa ń gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti gbó. Bí páìpù bá bẹ́, Bàbá Rọ́bà á gbẹ́ ilẹ̀, á fi rọ́bà wé ojú ibi tó bẹ́, á fi okùn dì í, á bo ilẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nítorí pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà ni yóò tún bẹ́.

Ẹ má pè é ní aláìmọṣẹ́ o. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í gba gbẹ̀rẹ́. Bàbá Rọ́bà lè fi ìsopọ̀ irin so páìpù méjì pọ̀ ní ojú dídì, kí ìsopọ̀ náà sì pẹ́ láyé ju ẹni tó so ó lọ. Ṣùgbọ́n kí ló máa rí gbà? Nínú ọ́fíìsì Jùbẹ́ẹ̀lọ, pátákó dúdú kan wà tó ga ju ilẹ̀kùn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti tún páìpù tó bẹ́ ṣe sí. Ẹgbẹ́ tó bá tún un ṣe jù lóṣù ló ń kọ́kọ́ mú ọjọ́ ìsinmi. Ẹgbẹ́ tó bá tún un ṣe kéré jù ni yóò wọnú tánkì ńlá lọ, tí yóò máa kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹni tó fi irin so páìpù, ẹ̀ẹ̀kan ló tún un ṣe. Ẹni tó fi rọ́bà dì í, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù ló tún un ṣe. Ta ni yóò wọ tánkì? Lọ́dún mọ́kànlá sẹ́yìn, nígbà tí Jùbẹ́ẹ̀lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Bàbá Rọ́bà fi irin so gbogbo páìpù tó kàn án. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò nínú ẹrẹ̀ tó mù ún dé ìbàdí. Ọjọ́ tó jáde níbẹ̀ náà ló lọ wá tíúbù kẹ̀kẹ́.

Kò sí èèyàn burúkú kankan nínú wọn, ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń rí ìsinmi wọn, akọ̀wé ń rí nǹkan kọ sí pátákó, Jùbẹ́ẹ̀lọ sì ń rí nǹkan sọ níbi àpéjọ. Àwọn tó ń gbé òpópónà nìkan ni kò rí omi, àwọn yẹn kò sì sí lórí pátákó.

"Lọ́dún tó kọjá," ni Jùbẹ́ẹ̀lọ máa ń wí, ọwọ́ rẹ̀ kan lókè, ìkejì lórí bọ́tìnnì kóòtù, "ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tún páìpù ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún péré. Ọ̀lẹ! Àwa tún un ṣe nígbà ẹgbẹ̀ta! Páìpù òpópónà alágbàfọ̀ nìkan, ìgbà mẹ́tàdínláàádọ́ta la tún un ṣe! Ẹ sọ fún mi, ta ló fẹ́ràn páìpù tó bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Àtẹ́wọ́ á bú sáyé.

Alágbàfọ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà yẹn, ìyàwó Bàbá Rọ́bà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Páìpù iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀ ni ọkùnrin náà ń fi rọ́bà dì.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, obìnrin náà ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbé àwo oúnjẹ kúrò níwájú ọkọ rẹ̀, ó sì tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan sórí tábìlì dípò rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ wò ó dáadáa. Àwọ̀ wo lẹ rí?"

Bàbá Rọ́bà wò ó. "Ó fẹ́ jọ... ó pọ́n díẹ̀."

"Funfun ni wọ́n gbé e wá. Olórí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló fi méjìlá irú rẹ̀ dán mi wò. Bí mo bá fọ̀ ọ́ kó mọ́, gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn di tèmi. Mo ti rẹ ẹ́, mo ti fi búlúù sí i, mo ṣí táàpù báyìí kí n ṣan án, àfi ẹrẹ̀! Páìpù yín ti bẹ́."

"Páìpù mi kọ́. Ti ilé-iṣẹ́ ni."

"Ta ló dì í?"

Bàbá Rọ́bà wo àwo oúnjẹ rẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e sí. Ó jìnnà.

"Olórí nọ́ọ̀sì ṣàánú mi," ni obìnrin náà wí. "Ó ní bí omi wa bá lè mọ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko láìdọ̀tí lẹ́ẹ̀kan, òun á padà wá. Mo ti bá àbúrò mi sọ̀rọ̀. Bí ó bá dọ̀tí lẹ́ẹ̀kan péré kí oṣù mẹ́ta yẹn tó pé, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo ń lọ bá a níbi tó ń gbé. Odò wà níbẹ̀."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin? Ẹ ní rọ́bà."

Bàbá Rọ́bà mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ìkíni ti parí, ó gba ẹ̀yìn lọ bá Ìyá Sìtọ́ọ̀, obìnrin àgbà tó ń tọ́jú yàrá ẹrù ilé-iṣẹ́. Páálí ìsopọ̀ irin kún inú yàrá náà dé òrùlé, kò sí ẹni tó ṣí ọ̀kan láti ọdún mọ́kànlá. Aláǹtakùn ti fi ibẹ̀ ṣe ilé, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti ní ọmọ-ọmọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìsopọ̀ kan."

"Kò burú. Bí mo bá fún ọ, ta ni yóò wọ tánkì?"

Bàbá Rọ́bà fọwọ́ gbá òwú aláǹtakùn kúrò lójú páálí kan.

"Àbúrò, gbọ́. Mo ti gbọ́ ìwàásù nínú ilé-iṣẹ́ yìí títí etí mi fi di. 'Ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ olóòótọ́.' Bí wọ́n ti ń wàásù, ẹrẹ̀ tánkì lẹ̀ ń rò. Kì í ṣe ọkàn yín ló bàjẹ́, pátákó yẹn ló bàjẹ́. Gbé ìsinmi kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún páìpù ṣe, kí o gbé e fún ẹni tí páìpù rẹ̀ kò bẹ́, kí o wá wo eré."

Ó fa bébà yọ, ó sì kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ tí páìpù òpópónà rẹ̀ kò bá jò fún oṣù kan, gbogbo ọjọ́ Ẹtì oṣù tó tẹ̀ lé e di ìsinmi fún wọn. Bí ó bá jò, àwọn fúnra wọn ni yóò máa fi garawa pọn omi fún gbogbo ilé òpópónà náà, títí páìpù yóò fi dára. Kò sì sí ẹni tí yóò tún wọ tánkì nítorí pátákó mọ́. Ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á máa gbà á fọ̀ lọ́wọ́ ara wọn.

"Jùbẹ́ẹ̀lọ ò lè fọwọ́ sí i láéláé," ni Bàbá Rọ́bà wí.

"Á fọwọ́ sí i. Ṣé ó máa ń ka ìwé ni?"

Òfin Ọ̀gá ni pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì òun láìjẹ́ pé gbogbo oyè òun ló ṣáájú. Oyè mẹ́tàdínlógún ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi ara rẹ̀ jẹ wọ́n. Wọ́n kún ojú ìwé kan àti ààbọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, akọ̀wé dúró níwájú rẹ̀, ó ń kà:

"Sí Ọ̀gá Àgbà, Orísun Tí Kì í Gbẹ, Bàbá Gbogbo Páìpù, Òǹgbẹ-Rí-i-Ó-Sá, Akọni Tó Bá Òjò Dọ́gba..."

Jùbẹ́ẹ̀lọ di ojú. Nígbà tí wọ́n dé orí oyè kọkànlá, omi ti lé sí i lójú. Nígbà tí wọ́n dé orí ìkẹtàdínlógún, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Ó tó! Òótọ́ pọ́ńbélé! Ẹni tó kọ ìwé yìí mọ èmi gan-an. Mú bírò wá."

Ó fọwọ́ sí i gàdàgbà, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ni, sà."

"Kí wọ́n máa sinmi. Ọ̀gá dáadáa ni mí."

Ọjọ́ náà gan-an ló kọ̀wé sí olú-ilé-iṣẹ́, kí wọ́n rán Alábẹ̀wò wá bá òun ṣe àjọyọ̀ àtúnṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹẹgbẹ̀rún márùn-ún. Pátákó ti wà ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún dín méjìlá nígbà náà. Wọ́n dá a lóhùn pé Alábẹ̀wò kò ráyè àfi oṣù mẹ́ta sí i. Inú Jùbẹ́ẹ̀lọ dùn, ó ní kí wọ́n máa tún páìpù ṣe lọ, bí ó bá ku ẹyọ kan, kí wọ́n dúró. Òun ni yóò fi ọwọ́ ara òun tún ìkẹyìn ṣe lójú àlejò. Ó ti ń rí ara rẹ̀ ní olú-ilé-iṣẹ́, lórí àga tó ń yí. Ó sì ránṣẹ́ sí aránṣọ nítorí kóòtù.

Bàbá Rọ́bà kó rọ́bà rẹ̀ dà nù, ó fi irin so páìpù iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, àti gbogbo èyí tó kù ní òpópónà náà. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ kejì gan-an ní àwọn ò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́, rọ́bà ni baba. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, páìpù wọn bẹ́. Ogójì ilé ni wọ́n fi garawa pọnmi fún, ọjọ́ mẹ́rin, àjà dé àjà. Ìyá àgbàlagbà kan wà ní àjà kẹta tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń wẹ̀ lójúmọ́, ó sì máa ń ké sí wọn láti ojú fèrèsé pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ó ku garawa méjì!" Olórí ẹgbẹ́ kejì kò lè yí ọrùn mọ́ nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi parí.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, èrò kún ẹnu ọ̀nà Ìyá Sìtọ́ọ̀. Àwọn aláǹtakùn kó ẹrù wọn.

Ẹ wá wo àyípadà! Àwọn tí kì í fẹ́ rí páìpù sójú wá di ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Olórí ẹgbẹ́ kẹrin fi ara rẹ̀ dínà fún ọkọ̀ akóyanrìn.

"Gba ibòmíràn! Páìpù mi wà nísàlẹ̀ ibẹ̀!"

"Páìpù tìẹ?" ni awakọ̀ bi í.

"Páìpù tèmi! Ṣé ìwọ ni yóò bá mi pọnmi ni?"

Nílé Bàbá Rọ́bà, ìyàwó rẹ̀ kì í sọ púpọ̀. Bó bá ti ń gbé oúnjẹ kalẹ̀, á kàn wí pé, "Ó di ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n." Lọ́jọ́ kejì, "Ó di ọgbọ̀n." Ẹran sì ń pọ̀ sí i nínú àwo bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, èyí tó yé ọkọ rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ.

Nígbà tó di oṣù kejì, Jùbẹ́ẹ̀lọ ṣàkíyèsí pé pátákó kò rìn. Ó fura sí ṣọ́ọ̀kì, ó ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Pátákó kò rìn. Ó yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án kí wọ́n wádìí ìdí tí páìpù fi ń ya olóríkunkun. Wọ́n jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì gbé ìwé olójú-ewé ọgọ́rin jáde, tí kókó rẹ̀ jẹ́ pé páìpù kò jò nítorí pé kò sí ibi tó ti ń jò. Jùbẹ́ẹ̀lọ kí wọn kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọkùnrin yìí fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá, ẹni kan kò sì jẹ́ sọ fún un pé òun ló fọwọ́ sí oògùn tó wo páìpù sàn. Ta ni yóò sọ ọ́? Olúkúlùkù fẹ́ràn ọjọ́ Ẹtì rẹ̀.

Níkẹyìn, ó pàṣẹ fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pé kó ti omi náà pẹ̀lú agbára, kí nǹkan lè bẹ́. Òpópónà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú un mọ́ra. Ibi kan ṣoṣo tó bẹ́ ni balùwẹ̀ ilé Jùbẹ́ẹ̀lọ fúnra rẹ̀. Aya rẹ̀ ń pariwo, bàtà ń léfòó, Ọ̀gá dúró nínú omi tó mù ún dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ kọ ọ́! Ẹ lọ kọ ọ́ sí pátákó!"

Ìyẹn ló sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún márùn-ún dín ẹyọ kan. Àjọyọ̀ ku ọ̀la.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Ọ̀gá ránṣẹ́ pe Bàbá Rọ́bà.

"Bàbá Rọ́bà, ìtàn ń pè ọ́."

"Sà?"

"Mo ní ìtàn ń kan ilẹ̀kùn rẹ!"

"Mi ò sí nílé láti àárọ̀, sà."

Jùbẹ́ẹ̀lọ mí kanlẹ̀. "Páìpù òpópónà alágbàfọ̀. Ibẹ̀ la ti tún páìpù ṣe jù, ibẹ̀ la ó ti ṣàjọyọ̀. Mo fẹ́ ihò níbẹ̀. Ihò kékeré, ihò ọmọlúwàbí. Kó bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní agogo mẹ́wàá ọ̀la. Kó má ṣáájú Alábẹ̀wò dé, kó má sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀."

"Sà, omi á dọ̀tí."

"Ìdọ̀tí ìtàn ni! Bí o bá ṣe é, o di alábòójútó. Bí n kò bá rí ihò, tánkì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ti ọjọ́ mẹ́ta o. Títí ìwọ yóò fi fẹ̀yìn tì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Bàbá Rọ́bà wí. Kí ni ì bá tún wí?

Ìyàwó rẹ̀ ń lọ aṣọ nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ó rò ó fún un pátá, ihò, tánkì, gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó di ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún lónìí. Ọ̀la ni olórí nọ́ọ̀sì ń bọ̀.

"Kí lẹ wá sọ fún un?"

"Mo ní 'bẹ́ẹ̀ ni, sà.'"

"Kí ló wà lọ́kàn yín?"

"Ẹ̀rù ń bà mí."

Ó wò ó títí. "Ó yẹ kó bà yín," ló wí, ó sì padà sídìí aṣọ rẹ̀. Kò bú u, kò bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn gan-an ló wọ ọkùnrin náà lára.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Bàbá Rọ́bà gbẹ́ kòtò síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó sì bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú ayùn irin. Ìsopọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wà níwájú rẹ̀, ó tẹ́jú, kò jo ẹ̀kán kan. Inú rẹ̀ dùn sí i, kò sì lè purọ́ fún ara rẹ̀ pé kò dùn. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti ṣe nǹkan kan tó wù ú láti wò. Ó fi ayùn lé etí kòtò, ó gun òkè, ó ta aṣọ aláwọ̀ ewé tí Ọ̀gá fi ránṣẹ́ bo ojú kòtò náà. Tánkì náà jìn o, ẹ̀yin ará.

Ní agogo mẹ́wàá, ìjókòó ti kún. Àwọn onífèrè ń fọn, kóòtù tuntun ń kọ mànà. Alábẹ̀wò, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó níwájú, báàgì pẹlẹbẹ kan lórí itan rẹ̀. Jùbẹ́ẹ̀lọ dìde, ìdajì wákàtí ló fi sọ̀rọ̀.

"Omi! Kí ni omi? Ẹ wò mí! Bí kì í bá ṣe èmi, ẹja ì bá ti máa fi ẹsẹ̀ rìn! Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ta ló da omi síwájú jù mí lọ?"

Òótọ́ ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi dà á sílẹ̀ kiri ìgboro.

Ó ṣẹ́wọ́ sí akọ̀wé. Wọ́n fa aṣọ kúrò lójú kòtò. Gbogbo èèyàn na ọrùn. Páìpù náà gbẹ bí ẹnu ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Fèrè dákẹ́. Jùbẹ́ẹ̀lọ wo Bàbá Rọ́bà, Bàbá Rọ́bà wo bàtà ara rẹ̀.

"Kò ṣeé ṣe, sà," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ẹ máa gbé mi lọ sínú tánkì."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò, ó sáré tọ àwọn olórí ẹgbẹ́ tó kù lọ, ó ń sọ̀rọ̀ láti igun ẹnu. "Kí ẹnì kan lọ ṣí nǹkan ní òpópónà rẹ̀! Kíá!"

"Sà, tiwa ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù pé," ni ti kẹrin wí.

"Mo ti ṣèlérí ọjọ́ Ẹtì fún àwọn ọmọ mi," ni ti karùn-ún wí.

Olórí ẹgbẹ́ kejì di ọrùn mú. "Ọ̀gá, ẹ fi orúkọ ìyá yín jì mí. Ẹ ò mọ màmá àjà kẹta."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, bí kì í bá ṣe pé ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló rí i, mi ò ní sọ ọ́. Jùbẹ́ẹ̀lọ bẹ́ sínú kòtò pẹ̀lú kóòtù. Ó gbé ayùn, kò mọ ẹ̀gbẹ́ tó mú. Ó jù ú nù, ó gba òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu páìpù. Gbì! Gbì! Apá kóòtù kan ya. Páìpù kò mì. Ó fi ẹsẹ̀ tì í, ó fi ìdí jókòó lé e, ó ń sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bẹ onígbèsè.

Alábẹ̀wò yí sí àwọn tó wà nítòsí. "Ẹ jọ̀wọ́, kí ni Ọ̀gá yín ń ṣe nínú kòtò yẹn?"

Gbogbo òṣìṣẹ́ wo òkè. Alágbàfọ̀ ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

"Ó ń wá ohun tí yóò tún ṣe ni, sà."

Ẹ̀rín bú. Kódà onífèrè kan fi ẹ̀rín fọn fèrè.

Alábẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa ìwé kan yọ. "Kì í ṣe ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló gbé mi wá. Láàárín oṣù mẹ́ta yìí, omi tó ń ṣòfò ní ìlú yìí ti dín sí ìdajì. Kò sí ìlú míràn tó rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìwé kan ló fà á, ìwé tó yí ètò ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ padà. Mo wá wo ẹni tó—"

"Áà!" Jùbẹ́ẹ̀lọ yọ orí láti inú kòtò, ẹrẹ̀ lẹ́nu. Ó ti rí ọ̀tá rẹ̀ níkẹyìn! "Ìwé ló ṣe é! Mo mọ̀ pé ọwọ́ ayé ni! Alábẹ̀wò, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yẹn, ọ̀tá omi ni! Òmùgọ̀ paraku ni! Kò yẹ kó di ipò kankan mú. Mo bẹ yín, ẹ lé e lónìí, ẹ má dúró dọ̀la!"

Alábẹ̀wò yí ìwé náà sí i, ó sì tẹ̀ ba kí ojú rẹ̀ lè tó o. Ìbuwọ́lù gàdàgbà. Òǹtẹ̀ méjì.

Jùbẹ́ẹ̀lọ kà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé àkọ́kọ́ tó kà dópin láti ọdún mọ́kànlá.

"Ìwé ìgbéga wà nínú báàgì yìí," ni Alábẹ̀wò wí jẹ́jẹ́, "fún ẹni tó fọwọ́ sí i."

"Èmi ni! Èmi ni mo fọwọ́ sí i! Ọgbọ́n orí mi ni!"

"Ẹ wá bá mi yan èyí tí màá kọ sílẹ̀, sà. Ṣé pé ẹ kì í ka ohun tí ẹ ń fọwọ́ sí ni, àbí pé ẹ lòdì sí ohun tí ẹ fọwọ́ sí?"

Ẹnu tó bá òjò dọ́gba wá gbẹ. Ó wo akọ̀wé rẹ̀, àmọ́ akọ̀wé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alábẹ̀wò, ó ń bá a gbé báàgì. Omi ti tán lẹ́yìn ẹja. Bàbá Rọ́bà ló na ọwọ́ fún un kó lè gòkè, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣe é. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, olú-ilé-iṣẹ́ ti gbé Jùbẹ́ẹ̀lọ lọ sí ọ́fíìsì kékeré kan tí kò sí nǹkan kan tí wọ́n ń fọwọ́ sí níbẹ̀. Ìyá Sìtọ́ọ̀ ni wọ́n ní kó máa bá wọn mójú tó ilé-iṣẹ́ ná. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n òun ò ní máa gba ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ àjọyọ̀ náà, bí èrò ti ń tú ká, olórí nọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú ìdì aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin. Alágbàfọ̀ ṣí táàpù níṣojú rẹ̀. Omi mọ́ lóló. Nọ́ọ̀sì bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó já ẹrù kalẹ̀, ó lọ.

Inú obìnrin náà dùn débi pé ó jókòó lé orí ìdì aṣọ náà, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún ayọ̀. Bàbá Rọ́bà dúró tì í, ó ń fẹ̀ bí ẹyẹlé. Ọ̀ràn tánkì ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kò kú, ìyàwó kò lọ. Ọjọ́ dáadáa ni.

Ẹkún náà dá. Obìnrin náà gbé ojú sókè, bí ẹni tó rántí nǹkan.

"Bàbá wọn."

"Hẹn, ìyá wọn."

"Ìsopọ̀ irin tí ẹ fi so páìpù yìí. Ìgbà wo lẹ kọ́ ọ?"

"Háà, ó ti pẹ́!" ó yan díẹ̀. "Kí n tó fẹ́ ọ pàápàá ni mo ti mọ̀ ọ́n ṣe."

"Kí ẹ tó fẹ́ mi."

"Kí n tó... hẹn."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń yọ ẹrẹ̀ lára aṣọ aláṣọ. Ọdún mọ́kànlá ni mò ń bẹ oníbàárà. Ẹ wà nínú ilé mi, ẹ ń jẹun mi, ẹ sì mọ̀ ọ́n ṣe?"

Bàbá Rọ́bà la ẹnu. Ó fẹ́ sọ ti tánkì, ó fẹ́ sọ ti pátákó, ó fẹ́ sọ ti ọjọ́ ìsinmi. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, Alábẹ̀wò pàápàá ì bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú tó ń wò ó yẹn kì í ṣe ojú Alábẹ̀wò.

Ó pa ẹnu dé. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó tú ìdì àkọ́kọ́, ó ki aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan bọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

"Ẹ fọ etí rẹ̀ dáadáa," ni ìyàwó rẹ̀ wí.